Ẹsẹ̀ Ni Mo Fi Jẹun Nínú Ọ̀gbun Yanrìn

Gbogbo ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa bá yí mi ká lẹ́yìn ìsìn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Dádì, irú iṣẹ́ wo lẹ ṣe gan-an, tí ẹ ti fẹ̀yìn tì tí ẹ ṣì ń gun òkè bí ewúrẹ́?" Ó dáa, ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ ó mú ṣe. Agbẹjọ́rò ń fi ẹnu jẹun. Télọ̀ ń fi ọwọ́ jẹun. Èmi, ẹsẹ̀ ni mo fi jẹun, láti ìgbà tí ogun abẹ́lé parí tí Enugu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún ara rẹ̀ tò, títí wọ àwọn ọdún 1990. Mo jẹ ẹ́ yó, mo sì jẹ ẹ́ dùn.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gba àlàyé. Mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, mo kó ẹrù láti Ogbómọ̀ṣọ́, mo gba yàrá kan ní Idaw River Layout. Owó oṣù ń wọlé, ó ń jáde. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ gidi.

Iṣẹ́ wa ni pé ká fi ẹsẹ̀ rin òkè gàgàrà tó nà tàntàn ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, kí a mọ ibi tí òkúta yanrìn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ibi tí omi ti ń sun jáde lára rẹ̀, àti ibi tí ọ̀gbun ti ń jẹ ilẹ̀ mọ́ àwọn ará abúlé lọ́wọ́. Ohun tí a bá rí la ó fi ya àwòrán ilẹ̀, kí àwọn tó ń la ọ̀nà àti àwọn tó ń gbẹ́ kànga má baà ṣe iṣẹ́ òṣì. Ọkọ̀ kò lè dé ibẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò lè dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò tíì rí ọ̀gbun! Ẹ ó máa rìn láàárín igbó kaṣú, gbogbo nǹkan á tutù, ẹyẹ á máa ké, àfi gbàgà, ilẹ̀ á là sílẹ̀ níwájú yín. Ẹ wo ìsàlẹ̀, ojú yín á pòòyì. Ara ògiri rẹ̀ á pupa bí epo, a ó rí ibi tó funfun, a ó rí ibi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìgbà tí wọ́n tú ẹlúbọ́ sórí ata. Òkúta yóò dúró láàárín rẹ̀ gogoro bí ilé ìsìn tí kò lórùlé. Nígbà ọyẹ́, ibẹ̀ á gbẹ táútáú, atẹ́gùn á máa gbá yanrìn sí ẹni lójú. Ẹlẹgbẹ́ wa kan tí wọ́n gbé lọ sí aṣálẹ̀ lókè Ọya padà wá kí wa, ó wo ọ̀gbun wa, ó ní ràkúnmí nìkan ló kù. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ dé ibi pé bí mo bá gba ìsinmi, ọjọ́ kejì ni ọkàn mi á ti máa fà síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àáké tèmi ni Ọ̀gá Udo. Ọmọ ìhà Calabar ni, ó rí pẹ́ńpẹ́ńpẹ́, ó gbẹ bí ẹja yíyan, kò sì lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Òun ló ń darí ikọ̀ wa, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a jọ wọ inú ọ̀gbun, oòrùn mú gan-an, ebi ń pa mí, mo rí òjìji kan tó tutù minimini lábẹ́ ògiri yanrìn. Mo jókòó síbẹ̀, mo ṣí gàrí àti ẹja mi. Àfi bí ẹsẹ̀ ṣe gbá abọ́ náà dànù! Gàrí fọ́n ká. Mo gbójú sókè, Ọ̀gá Udo ló dúró lé mi lórí.

Ó ní, "Ta ló ní kí o jókòó síbí?"

Mo ní, "Ọ̀gá, oòrùn ni mo sá fún."

Ó ní, "Oòrùn kò wó pa ẹnikẹ́ni rí. Dìde!"

Láti ọjọ́ náà, inú oòrùn gan-gan la ti ń jẹun, a ó jìnnà sí ògiri, a ó máa làágùn sínú gàrí wa. Mo bínú, mo kùn, mo pè é ní gbogbo orúkọ tí kò yẹ ní ikùn mi. Àfi ìgbà tí a padà kọjá níbẹ̀ lẹ́yìn òjò kan tí a rí i pé ògiri yẹn ti wó bo ibi tí mo jókòó sí. Ọ̀gá Udo fi ọ̀pá tọ́ka síbẹ̀. Ó kàn wò mí. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ó kọ́ wa láti máa gbọ́ yanrìn. Kí ògiri tó wó, yanrìn wẹ́wẹ́ á kọ́kọ́ máa ṣàn wálẹ̀, ṣíṣíṣí, ṣíṣíṣí, bí ẹni ń sẹ́ gàrí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbọ́ ọ, kì í ṣe pé kó wá ẹni tí yóò sọ fún. Kò ní sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, sà." Yóò pariwo, gbogbo wa á sì sá, ìbáà ṣe ọ̀gá pátápátá láti Èkó ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí ọ̀gbun. Ọ̀gá Udo á fi ọ̀pá fa ìlà sórí ilẹ̀, ó jìnnà díẹ̀ sí etí. Ẹni tí kò bá so okùn mọ́dìí kò gbọ́dọ̀ kọjá ìlà náà, pàápàá kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn rìn. Nítorí pé orí òkè lè le bí símẹ́ńtì kí abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo.

Ohun kan tó máa ń bí i nínú lára mi ni ìkíni. Ọmọ Yorùbá ni mí, àgbà ni, mo ń dọ̀bálẹ̀ fún un láràárọ̀. Ó ní, "Kí lo sọnù sílẹ̀ tí o ń wá lójoojúmọ́? Fi ẹnu kí mi! Ilẹ̀ ibí yìí kò fẹ́ àyà rẹ." Mo ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó ní kí n fi í sílé.

Ní àkókò yẹn náà ni mo pàdé Ngozi. Yanrìn ọ̀gbun máa ń jẹ bàtà bí eku ṣe ń jẹ ẹja, nítorí náà gbogbo ìgbà ni mò ń lọ sí Kenyatta Market lọ ra bàtà kanfáàsì ní ìsọ̀ ìyá kan. Ọmọbìnrin rẹ̀, tíṣà ni, á máa bá a dúró lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó rí mi títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o ń se bàtà yìí jẹ ni?" Mo ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ni mò ń rà á fún. Ó ní irọ́ ni, gbogbo rẹ̀ ló bá ẹsẹ̀ kan náà mu. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkàn mi ti lọ! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra bàtà tí mi ò nílò. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi kún.

Ngozi gbà. Ìyá rẹ̀ gbà. Bàbá rẹ̀ ló ku. Àwọn tó mọ ìtàn rò pé nítorí pé mo jẹ́ Yorùbá ni bàbá ṣe kọ̀, ogun ṣì wà lọ́kàn èèyàn nígbà náà. Rárá o. Bàbá náà fi èdè Píjìn sọ ọ́ fún mi lójú ara mi, nínú pálọ̀ rẹ̀ lórí òkè, lẹ́yìn Ngwo. Ó ti wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì.

Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni ọ́. O ń kí èèyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ, inú ihò ni. Mo mọ ihò. Mi ò ní fi ọmọ mi fún ẹni tí ilẹ̀ yóò gbé mì, kó di opó kí irun rẹ̀ tó hu ewú kan."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bẹ̀ ẹ́. Mo ní iṣẹ́ wa kì í ṣe ti kòtò èédú, ìta gbangba la ti ń ṣe é. Mo ní kó wá wò ó fúnra rẹ̀, pé a máa tó ṣiṣẹ́ ní ọ̀gbun tí kò jìnnà sí oko rẹ̀. Ó gbọn orí, ó ní òun á rò ó. Ngozi sin mi jáde, ó di apá mi mú, ó ní, "Délé, bí bàbá mi bá sọ pé rárá lẹ́ẹ̀kejì, mi ò ní ta kò ó. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó sọ ọ́." Mo ṣèlérí fún un. Oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́, èmi tí mò ń jẹ gàrí inú oòrùn.

Bàbá wá. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni, ọyẹ́ ti ń ká kúrò. Ọ̀gá Udo àti àwọn yòókù ti gba ẹ̀gbẹ́ kejì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú okùn. Èmi nìkan ló wà lókè, mò ń fi kọ́ńpáàsì wo bí òkúta ṣe dagẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ẹni tó wúkọ́ lẹ́yìn mi. Mo yíjú padà, Papa Ngozi ni! Ó wọ ẹ̀wù olórí kìnnìún tí àwọn Igbo fi ń lọ òde, fìlà pupa wà lórí, ọ̀pá wà lọ́wọ́. Ó múra láti wá wo iṣẹ́ mi! Inú mi dùn débi pé mi ò rántí ibi tí mo wà. Mo ju kọ́ńpáàsì sílẹ̀, mo ké "Ẹ káàárọ̀, sà!" mo sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdọ̀bálẹ̀ ọmọkùnrin gidi, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ló ń lọ síwájú, ẹsẹ̀ méjèèjì ló sì ń fò lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn mi ni ìlà Ọ̀gá Udo wà. Ẹsẹ̀ mi fo ìlà, ó balẹ̀ gbì, ilẹ̀ dá kẹ́hẹ́ lábẹ́ orúnkún mi. Mo rí ojú bàbá, ó ń lọ sókè. Àṣé èmi ni mò ń lọ sísàlẹ̀!

Mo yọ̀ ṣùúrùù lára ògiri pẹ̀lú yanrìn, mo bà sórí pèpéle òkúta kan tó yọrí síta. Ká ní kò sí pèpéle yẹn, ẹlòmíràn ni ì bá máa sọ ìtàn yìí. Ọrùn ẹsẹ̀ mi yí. Bàtà kan ti lọ. Yanrìn kún ẹnu mi. Mo gbójú sókè, mo rí bàbá tó ń sáré bọ̀ sí etí, ó na ọwọ́, ó ń pè mí, "Nna! Nna!" Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ lókè orí mi: ṣíṣíṣí, ṣíṣíṣí.

Ẹ gbọ́, mi ò ronú. Mo ya ẹnu, mo jágbe mọ́ bàbá tí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń lé ewúrẹ́ nídìí ẹ̀gẹ́: "Papa, stop! Dúró síbẹ̀! Dojú bolẹ̀! I say lie down!"

Ó dúró gbagidi. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà, àgbàlagbà ọkùnrin, pẹ̀lú ẹ̀wù olórí kìnnìún àti fìlà pupa, dojú bolẹ̀, ó na tán sórí yanrìn. Kò pẹ́ rárá tí ibi tí ì bá gbé ẹsẹ̀ lé fi já, tó wó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀gbun, tí eruku bo gbogbo ayé. Bí mo ṣe ń wúkọ́ ni mò ń pariwo pé kó máà tíì dìde o, kó má mira. Kò mira. Ibẹ̀ ló wà títí Ọ̀gá Udo fi dé pẹ̀lú okùn tí wọ́n fà mí sókè.

Ọ̀gá Udo wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ìlà rẹ̀ tó ti já sínú ọ̀gbun, ó ní, "Mo sọ fún ọ pé ilẹ̀ yìí kò fẹ́ àyà rẹ." Bàbá dìde, ó gbọn yanrìn kúrò ní irùngbọ̀n, ó mú ọ̀pá rẹ̀, kò kí mi, kò bú mi, ó yíjú padà sílé. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀. Mo ti jìn sínú ihò lójú ẹni tó ní òun kò fẹ́ ẹni tí yóò jìn sínú ihò, mo tún jágbe mọ́ ọn, mo tún ba aṣọ òde rẹ̀ jẹ́. Ta ló ń fi ọmọ fún irú èyí?

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀. Ẹ ní sùúrù, èmi náà dúró dè é, ọ̀sẹ̀ náà sì gùn. Iṣẹ́ ni mo ní kí n sọ, ẹ jẹ́ n sọ ti irinṣẹ́ kí n tó padà.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kọ́ńpáàsì, ẹ̀wọ̀n tí a fi ń wọn ilẹ̀, òòlù àti ọ̀pá ni gbogbo ohun tí a ní. A ó wọn ọ̀gbun, a ó padà lọ́dún kejì, a ó rí i pé ó ti gbé òpó tí a fi ṣe àmì mì. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò tí wọ́n yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú dé. Wọ́n á ní kí o fi gíláàsì olójú méjì wo fọ́tò méjì pọ̀, òkè á sì dìde sí ọ lójú lórí tábìlì! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo fa orí sẹ́yìn kí n má baà ṣubú sínú rẹ̀. Ọ̀gá Udo wò ó, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ṣé fọ́tò náà ń pariwo kó tó wó? Nígbà tí mo di ọ̀gá ikọ̀ fúnra mi, ẹ̀rọ kékeré kan ti dé tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, tó ń sọ ibi tí o wà fún ọ. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ inú oòrùn ni mo ń jẹ́ kí wọ́n ti jẹun. Wọ́n kùn, wọ́n pè mí ní orúkọ ní ikùn wọn. Mo mọ gbogbo orúkọ náà.

Ó tó. Ọ̀rọ̀ bàbá Ngozi.

Ọjọ́ mélòó kan kọjá, Ngozi wá wo ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Kí ni bàbá sọ?" Ó ní kò sọ nǹkan kan, àfi pé kí wọ́n fọ aṣọ òun. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní bó bá ti ń dákẹ́ báyìí, rárá ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn mi ní Idaw River Layout. Bàbá ni, òun nìkan. Mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kí n dọ̀bálẹ̀.

Ó jágbe: "Jókòó! Ṣé o tún fẹ́ kú lójú mi lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Mo jókòó. Ó jókòó sórí àpótí bàtà, ó gbé ọ̀pá sáàárín orúnkún.

Ó ní, "Mo ní àbúrò kan nínú kòtò èédú. Ọmọ tó níwà ni. Lọ́jọ́ kan, ó rí i tí òrùlé ihò ń sán lókè orí ọ̀gá wọn. Ọ̀gá náà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, àgbà sì ni. Àbúrò mi dúró kó sọ̀rọ̀ tán. Ẹni tó yè nínú wọn ló sọ fún mi, ó ní ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń dúró." Mi ò lè wo ojú rẹ̀. "Láti ìgbà náà, gbogbo ọkùnrin tó ń wá kí mi nítorí ọmọ mi ló mọ̀ ọ́n kí. Ìwọ gan-an, o mọ ìkíni débi pé ó fẹ́ pa ọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ gbé mi, o jágbe mọ́ mi bí ajá. Mo sùn sórí yanrìn yẹn, mo ń sọ fún ara mi pé, ká ní ìwọ ló wà nídìí àbúrò mi lọ́jọ́ náà."

Omi bọ́ lójú mi. Àwọn àgbà wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mi ò mọ̀ pé ìyẹn ni bàbá náà ti ń wá kiri láti ìgbà yẹn, ẹni tí yóò sọ.

Ó dìde. Ó ní, "Mú àwọn èèyàn rẹ wá. Bí ọmọ mi bá fẹ́ jìn sínú ihò, kó rí ẹni tí yóò pariwo."

Wọ́n wá láti Ogbómọ̀ṣọ́, bàbá mi, ìyá mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Àgbàlá bàbá Ngozi kún fọ́fọ́, Ọ̀gá Udo pàápàá jókòó sínú oòrùn níbi tí òjìji pọ̀ sí. Ó tó àkókò kí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ fún àna wa. A tò, a na ọwọ́, ẹsẹ̀ fẹ́ fò, àfi bí bàbá ṣe fò dìde lórí àga tó jágbe tí gbogbo àgbàlá fi dákẹ́:

"Stop! Délé, wo ẹ̀yìn rẹ ná!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá mi ló wà níbẹ̀, ó ń jó.

Mo bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.